Òróró Tí Ó Sun Ìta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ránṣọ ní Òkè-Ìlá. Nígbà ọyẹ́ kan, òróró òyìnbó tí ó ń kán sí máṣíìnì rẹ̀ tán, kò sì sí lọ́jà. Máṣíìnì wá ń han bí ẹlẹ́dẹ̀. Ó kán epo pupa sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, epo ti dì. Ó kán àdín. Àdín náà dì. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọbẹ̀ lẹ ń sè ni?"

Ó lọ ẹ̀gúsí bí ẹni fẹ́ dín róbó, ó fún òróró rẹ̀, ó sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, inú ìkarahun ìgbín ló dà á sí, ó gbé e síta kí ọyẹ́ fẹ́ sí i mọ́jú, kó lè mọ̀ bóyá yóò dì. Ní òwúrọ̀, ó ṣì ń ṣàn. Máṣíìnì mu ún, ó dákẹ́. Orí obìnrin yìí mà pé o!

Nígbà tí òróró òyìnbó padà dé, mo sáré rà á wá. Ó dúpẹ́, ó kán díẹ̀ sínú ìkarahun.

Ó ní, "Kí òun náà kọ́kọ́ sun ìta ná."