Ọjọ́ Tí Mo Purọ́ Mọ́ Ọlọ́run ní Àbà Àdìgún

Gbàn-án! Dígà ta padà lọ́wọ́ mi. Mo tún gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Gbàn-án! Iná ṣẹ́ jáde, apá mi méjèèjì kú tipiri. Àpáta ni. Mo wà nísàlẹ̀ ihò tó jìn tó ènìyàn mẹ́fà bí wọ́n bá gun ara wọn léjìká, ní Àbà Àdìgún, abúlé àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, ẹnu ara mi ló sì kó mi síbẹ̀.

Múfútàù, ẹnìkejì mi tó ń fa garawa lókè, yọjú sínú ihò.

"Sámúẹ́lì, kí ló ń dún bẹ́ẹ̀?"

"Òkúta kékeré ni!"

"Òkúta kékeré tó ń dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

Mùsùlùmí ni Múfú, ó fẹ́ràn àwàdà, ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Alàgbà Oyèdìran ní Olódò ni mo ti kọ́ṣẹ́ kànga gbígbẹ́, ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti mọ Jésù. Bàbá ò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ kànga, wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbé e sínú garawa, wọ́n á sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ inú ihò ò dára nìyẹn, a ò ní wọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé ṣé àdúrà ò tó ni. Wọ́n ní, "Àdúrà la gbà ká tó ra àbẹ́là."

Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, a máa ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, a ó ka Bíbélì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí lo ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá tí o ò fẹ́ kí n gbọ́?" Mo kórìíra ìbéèrè yẹn bí ẹni kórìíra ewúro. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá lè ṣiṣẹ́ mọ́, tí mo di ọ̀gá ara mi, mo rọra dẹ́kun àtimáa lọ. Mo ní mo ti dàgbà. Ó ṣe tán, àwọn èèyàn ti ń yin àdúrà mi, àwọn kan tiẹ̀ ti ń pè mí ní Wòlíì.

Orúkọ yẹn ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀ ní Àbà Àdìgún. Odò wọn ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè mí wá gbẹ́ kànga. Àwọn ọmọ iléèwé á kọ́kọ́ rin ìrìn ọ̀nà jíjìn lọ pọnmi kí wọ́n tó lọ sí kíláàsì. Mo yí abúlé ká, ojú iṣẹ́ sì ti rí ibi tómi wà: ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ní ìsàlẹ̀ abúlé, tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àfi bí Ìyá Ìjọ, màmá arúgbó tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣe béèrè lójú gbogbo èèyàn pé:

"Wòlíì, ṣé Olúwa ò fi ibì kan hàn yín ni?"

Orí mi wú. Mo di ojú. Mo rò ó pé bí kànga bá wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni yóò máa béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo nàka síbẹ̀. "Ibí yìí ni Olúwa sọ."

Olúwa ò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọ́n kígbe Halelúyà, wọ́n jó, èmi náà sì jó.

Nígbà tí mo kan àpáta, dípò kí n jẹ́wọ́, mo ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀. Wọ́n gbà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lu àpáta, ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Ìjọ ò fi jẹun títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Múfú kọ̀, kò fa garawa.

"Èmi ò sí nínú ìjọ yín," ó ní, "ṣùgbọ́n ara màmá yẹn ti ń gbọ̀n. Pe bàbá tó kọ́ ẹ níṣẹ́."

Mo ní mi ò pè. Ó yọ fóònù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ pè wọ́n.

Ọ̀sán gangan ni ọ̀kadà já Alàgbà Oyèdìran sílẹ̀. Wọn ò wàásù fún mi. Wọ́n wo inú ihò, wọ́n wo ọ̀pọ̀tọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì rọra jókòó lórí òkìtì yangí.

"Sámúẹ́lì, kí lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí o ò fẹ́ kí n gbọ́?"

Mo bú sẹ́kún. "Bàbá, Ọlọ́run ò sọ nǹkan kan fún mi."

"Èmi náà pa irọ́ yìí rí," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Mi ò lẹ́ni tó lè bi mí léèrè, mo bá sá lọ, mo fi ihò náà sílẹ̀ láì dí i. Títí dòní, mi ò lè gba abúlé yẹn kọjá. Ìwọ ní ẹni tó bi ọ́ léèrè. Dìde, màá dúró tì ọ́."

Wọ́n lu agogo, abúlé péjọ. Bàbá di apá mi mú. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹlẹ́tàn!" Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ojú wá yí sí Ìyá Ìjọ.

"Ṣé a lè jẹun báyìí?" ni màmá béèrè.

Ẹ̀rín bú! Ọkùnrin tó pè mí ní ẹlẹ́tàn gan-an ò lè mú un mọ́ra. Màmá wá wò mí. "Ọmọ mi, níbo lomi wà gan-an?"

Mo nàka sí ọ̀pọ̀tọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ní a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dí ihò àkọ́kọ́ náà, kó má baà ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Orí àpótí ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da yangí padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú wa.

Nídìí ọ̀pọ̀tọ́, ilẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń bu ẹ̀bà. Yangí kọjá, amọ̀ funfun kọjá, mo kan yanrìn. Yanrìn náà tutù! Mo gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, nǹkan tútù kan sì rọra bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

"Múfú! Múfú! Omi!"

"Omi gidi àbí omi inú ìran?"

"Omi tó ń rin ẹsẹ̀ mi ni!"

Ariwo ta lókè! Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré, mo gbọ́ Múfú tó ń ké "Aláámùdúlílàhì!" láàárín àwọn tó ń ké Halelúyà. Mo bu omi náà sínú agolo, mo gun ihò jáde, amọ̀ bò mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sáré bá Alàgbà Oyèdìran, mo kúnlẹ̀, mo fi agolo lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n, wọ́n sì wò mí tìfẹ́tìfẹ́.

"Amọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n omi ni. Ẹ máa gbọ́n ọn. Yóò mọ́."