Ọwọ́ Tí N Kò Rí

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bá àtọ̀gbẹ jìjàkadì nílé mi ní Ìgándò, ẹsẹ̀ nìkan ni mo sì ń ṣọ́, kí egbò má baà gbé mi ṣánlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa yẹ ojú wò lọ́dọọdún. Mo ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe, ṣebí mo ṣì ń ka ìwé orin láìlo awò?

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi. Apá òsì mi ló máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí àlùfáà bá ní ká fi àlàáfíà kí ara wa, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń bọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ṣí lọ síwájú láìsọ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ló sọ fún mi pé ó ní mo kọ ọwọ́ òun lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú ìjọ. Inú bí mi. Ọwọ́ wo? Mo ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, kó máa lọ jàre. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá jókòó. Nílé, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Nígbà tí mo kọ lu ọmọlanke lẹ́ẹ̀kejì ní Ìyànà Ìpájà, tó sì jẹ́ èjìká òsì kan náà ló tún fara gbá, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti rí iná. Mo jókòó títí.

“Dókítà, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ o.”

“Kò bàjẹ́, Bàbá. Iná ń tàn lápá òsì yín látàárọ̀.”

Ó ní glàkómà ni, ó ń pa iṣan tí a fi ń ríran, láti ẹ̀gbẹ́ ojú, láìdunni rárá. Ó ní ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún alátọ̀gbẹ. Èyí tó ti lọ kò ní padà; oògùn tí n ó máa kán sójú ni yóò dá ìyókù sí. Bó ti ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo ń rò. Ó nà án lẹ́ẹ̀mẹta lóòótọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó tì í níwájú. Nígbà tó kan ìkíni, mo yí gbogbo ara mi sí i, mo na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo ojú mi, ó sì yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà. Èyí ṣẹlẹ̀ níwájú mi gan-an, mo sì rí i kedere.