Ọjọ́ Tí Bàbá Ṣọ́jà Dá Àna Dúró Lẹ́nu Ọ̀nà

Tí ẹ bá dárúkọ Mùtàlíbù, Bàbá Ṣọ́jà, ní Ìsundùnrin, ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Jàmílàt ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹbí ọkọ kún bọ́ọ̀sì méjì wá láti Èjìgbò, wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé iyọ̀, wọ́n ń jó bọ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá ọparun gbọọrọ tí wọ́n fi dábùú rẹ̀. Bàbá ìyàwó wà lẹ́yìn ọparun nínú bàtà ṣọ́jà, ó gbé igi kọ́ èjìká bí ìbọn.

"Ẹ dúró níbẹ̀! Kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí tòní?"

Ẹ̀rín pa àwọn àna. Ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn: wọn á há ilẹ̀kùn mọ́ ẹbí ọkọ, wọn á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n kọrin.

"Ìfẹ́!" Al-Ameen, ọkọ ìyàwó, ló kígbe.

"Kì í ṣe òun."

"Àlùbáríkà!" Mùhámmẹ́dù, bàbá ọkọ, náà gbìyànjú.

"Kì í ṣe òun."

Mùhámmẹ́dù bá na owó sí i. Ojú Bàbá Ṣọ́jà yí padà. "Rìbá? Ẹ ń fún ṣọ́jà ní rìbá lẹ́nu iṣẹ́?"

Àwọn àna tún fi ẹ̀rín di ikùn mú. Obìnrin kan ní bàbá yìí mọ eré ṣe ju gbogbo alága ìdúró tí òun ti rí lọ. Wákàtí kan kọjá, oòrùn mú, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wọn.

Nínú yàrá, Jàmílàt ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Ó mọ̀ pé bàbá òun kì í ṣeré. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni Al-Ameen ń padà sí Àbíjàn. Bí wọn ò bá tọrọ òun lónìí, ó di ọdún mìíràn, ta ló sì fẹ́ padà wá síbi tí wọ́n ti fi ìyà oòrùn jẹ ẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí bàbá yìí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tó lọ ja ogun abẹ́lé. Ogun parí, òun ò parí. Láràárọ̀ ni yóò fọn fèrè, tìyàwó tọmọ á tò lórí ìlà, yóò kà wọ́n, yóò ka ewúrẹ́ mọ́ wọn. Òbúkọ kan tí kì í dúró lórí ìlà, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà ní àtìmọ́lé lẹ́yìn ilé ìdáná.

Tó bá kà wọ́n tán, yóò sọ ọ̀rọ̀ àṣírí ọjọ́ náà fún wọn. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n kò ní wọlé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ "Ẹ̀gúsí", Lèmọ́mù fúnra wọn kígbe "Ẹ̀gúsí!" lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó ráyè wọlé wá ṣàdúrà. Rùkáyátù, ìyàwó rẹ̀, nìkan ló ṣẹ́gun rẹ̀ rí. Ó toko dé lọ́jọ́ kan, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀. Ó sọ igi ìdáná kalẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Bàbá Jàmílàt, ó dáa. Ẹ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín lọ. Ẹ̀yin náà lẹ ó se ọbẹ̀ lónìí."

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọparun fi kúrò lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí àwọn àna wà lẹ́nu ọ̀nà yìí, Jàmílàt yíjú sí ìyá rẹ̀ nínú yàrá. "Ìyá mi, kí ni tòní? Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ sọ fún wọn."

Rùkáyátù mirí. "Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Mo bi wọ́n títí."

Jàmílàt jáde tòun ti aṣọ ìyàwó, ó lọ dúró ti bàbá rẹ̀.

"Bàbá, kí ni ọ̀rọ̀ tòní?"

"Kò sí." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mi ò mú ọ̀kankan."

"Kí ló dé?"

"Ìyá mi sìn mí dé títì nígbà tí mò ń lọ sógun. Ìgbà tí mo fi dé, koríko ti hù lórí sàréè wọn. Àbíjàn jìnnà, Jàmílàt. Mi ò fẹ́ kí o dé kí o má bá mi."

Jàmílàt di ọwọ́ rẹ̀ mú, igi tó pè ní ìbọn sì bọ́ sílẹ̀. "Ẹ ránṣẹ́ pè mí nígbàkigbà, Bàbá. Màá bá yín."

Bàbá Ṣọ́jà bá gbé ọparun kúrò, ó sì bú ramúramù mọ́ àwọn àna: "Ẹ tò sórí ìlà kan! Oníṣu níwájú!"

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dún tó kọjá, Rùkáyátù tẹ Jàmílàt láago sí Àbíjàn pé àìsàn bàbá rẹ̀ ti le. Ọjọ́ náà gan-an ló wọ bọ́ọ̀sì. Ó la Gánà, ó la Tógò, ó la Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà. Dókítà ti ní bàbá kò ní kọjá ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá bi dókítà pé ipò wo ló wà nínú iṣẹ́ ṣọ́jà tó fi ń pàṣẹ fún òun. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Jàmílàt wọlé.

"O pẹ́," ni bàbá rẹ̀ wí.

Jàmílàt ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fún un ní ẹ̀kọ mu, ọjọ́ mẹ́ta náà ni bàbá fi ń ráhùn pé ṣúgà ò tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ló dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ìtàn àwọn àna, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí Lèmọ́mù fi gbàgbé ibi tí wọ́n dé nínú wáàsí. Jàmílàt náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀. Ẹni tó bá sì wá kí i pé ó kú àṣẹ̀yìndè, ohun kan náà ló ń sọ fún wọn.

"Mo bá wọn láyé. Ẹ ṣé o. Mo bá wọn."