Katakata Tí Oleta Yàn

Lọ́dún tí Harlan Kirby kú, Oleta ìyàwó rẹ̀ ló jogún oko ìsàlẹ̀. Oko òkè ti wà lọ́wọ́ Merle, àbúrò Harlan, tipẹ́tipẹ́. Ilé tèmi ló wà láàárín wọn ní ẹ̀gbẹ́ òkè Kẹntọ́kì tí a ń gbé yìí, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ síra wọn tí kò ta sí mi létí.

Merle kò fẹ́ràn Oleta rí. Lójú tirẹ̀, bí kì í bá ṣe ti obìnrin náà, gbogbo ilẹ̀ bàbá òun ni ìbá wà lọ́wọ́ òun. Síbẹ̀, koríko ò mọ̀ pé wọ́n ń jà. Bí oṣù kẹfà bá ti dé, Oleta á gé koríko rẹ̀, á máa yí i sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, Merle á sì wọ́ ẹ̀rọ tó ń di koríko wá bá a dì í, kí màlúù lè rí nǹkan jẹ nígbà òtútù. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìwo ojú ara wọn.

Nígbà tó yá, Merle ra ẹ̀rọ mìíràn láìsọ fún Oleta. Ti tẹ́lẹ̀ máa ń di koríko ní ìdì kékeré tí ènìyàn lè gbé lọ́wọ́. Tuntun yìí ń ká a roboto bí ẹní, ìdì kan sì wúwo tó ọmọ màlúù tó ti gbó. Katakata kékeré tí Harlan fi sílẹ̀ kò ká irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, Oleta fi apá irin tó wà níwájú katakata náà gbé ìdì kan, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ni táyà ẹ̀yìn bá kúrò nílẹ̀. Bíréèkì kò ṣe nǹkan kan. Katakata yọ̀ lọ tìdìtìdì títí ó fi forí sọ òpó ọgbà. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, Oleta ṣì wà lórí ìjókòó, ó di ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ọn. Kò sunkún. Ó ní kí n bá òun tú wáyà ọgbà kúrò lára táyà.

Lọ́jọ́ Sunday, Merle dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ gun katakata lọ sódò. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni Oleta dúró sí.

Gbogbo ìgbà òtútù yẹn, katakata ńlá ni Oleta ń wá. Kò béèrè èyí tó lágbára jù. Ohun tó ń béèrè ni bó ṣe wúwo tó, bí táyà rẹ̀ ṣe jìnnà síra tó, àti ohun tí yóò di ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ bí iwájú bá gbẹ́rù. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó gbé ọ̀kan nínú ìdì koríko rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní ká jọ lọ sọ́dọ̀ Garvin tó ń ta katakata nígboro.

Merle ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ ti ju agbára katakata tirẹ̀ lọ, ó sì ti sọ fún Garvin èyí tí Oleta máa rà: ọ̀kan gíga fíofío tó ní ilé gíláàsì, tó lè máa bá òun fa ẹ̀rọ náà. Garvin mú kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí Merle.

“Èmi ni mo fẹ́ rajà, Garvin,” ni Oleta wí. “Mú un wá.”

Merle wò ó látẹsẹ̀ dé orí. “Ìyàwó wa, ẹsẹ̀ rẹ ò lè dé kílọ́ọ̀ṣì yẹn. Ṣé ká bá ẹ wá àpótí?”

“Wá a. Kóo jókòó lé e, kóo dákẹ́.”

Ó gun èyí tó ga. Ó fi gbé ìdì koríko tó mú wá, ó wà á lọ síbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ lẹ́yìn ilé, ó sì yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ó mì jìgìjìgì. Oleta sọ̀ kalẹ̀. Ó gun òmíràn, kúkúrú, fífẹ̀, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí wọ́n gbé bíríkì sìmẹ́ǹtì ńlá kọ́ sẹ́yìn. Ó gbé ìdì kan náà, ó gun ibi kan náà. Kò mì.

Merle ní nǹkan yẹn ò lè yí ẹ̀rọ òun lórí òkè wa. “Bóo bá rà á, ẹ̀rọ mi ò ní dé orí ilẹ̀ ẹ mọ́.”

“Mo ti gbọ́. Garvin, bá mi kọ ìwé rẹ̀.”

Mo rò pé ìbínú lásán ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹfà dé, tí koríko Oleta ti gbẹ nílẹ̀, Merle kò yọjú. Gbogbo ẹni tí Oleta pè pé kó wá bá òun dì í ló wà nínú koríko tirẹ̀. Òjò ti ń ṣú. Èmi fúnra mi lọ bẹ Merle. Ó ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo, kò tilẹ̀ dìde. Ó ní kí n sọ fún Oleta pé kó fi katakata rẹ̀ tó wúwo jókòó lé koríko náà, kí òjò má bàa rí i.

Ọjọ́ mẹ́ta ni òjò fi rọ̀. Koríko dúdú, ó bu, màlúù kò fimú kàn án. Oleta fi katakata tuntun tì í sínú kòtò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi dá mi lóhùn, bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ ra ògbólógbòó ẹ̀rọ tó ń di koríko, tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti já. Èmi àti òun la tún un ṣe. Nínú oṣù kẹjọ, ó di koríko ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tó hù lẹ́yìn òjò náà, fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló gbé ìdì méjì dí ẹnu ọ̀nà tí Merle máa ń gbà la oko ìsàlẹ̀ kọjá lọ sí oko òkè. Harlan ló gbà á láyè fún ogún ọdún, kò sì sí nínú ìwé kankan. Merle dé, ó fọn fèrè ọkọ̀ títí. Oleta ń bó ànàmọ́ ní ilé ìdáná, kò bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà ni Merle ti ń gba ọ̀nà etí odò yípo.

Nígbà tí ìyàwó Merle kú, Oleta se adìẹ sínú ìkòkò ńlá, ó ní kí n gbé e lọ fún un. Mo rò pé ìjà ti parí. Merle ṣí ìdérí, ó béèrè ẹni tó sè é, ó sì ní kí n gbé e padà. Mo gbé e padà. Oleta wo inú ìkòkò, ó dà á fún ajá, ó sì jáde lọ síbi tí katakata wà, nítorí oòrùn ti là, koríko sì wà nílẹ̀.