Òfin Ìbọn Ìléwọ́ Tó Gbé Mi Dé Sókótó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí màmá wa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n sì tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ sọ: "Bá mi bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ìbọn ló bí i ni, àbí èmi." Bọ̀dá Láyíwọlá ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ní béékìrì kan ní àdúgbò Mabera nílùú Sókótó, a sì ti gbọ́ pé ó fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tuntun: ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ lè rà á. Nítorí pé mo ń lọ sí kíláàsì alẹ́ àwọn àgbà, èmi ni ẹbí rán kí n lọ wádìí òfin náà kí ẹ̀gbọ́n mi tó ti ọwọ́ bọ ohun tí kò mọ̀.

Inú ọkọ̀ ni mo ti fi etí sí ohùn tí Bọ̀dá fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èyí tí àwọn ọmọ ilé wa ní Sókótó ń fi ṣọwọ́ sí ara wọn. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́nńbélé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀. Kí ó kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ìbọn, kí ó tẹ̀ka, kí wọ́n sì yẹ ìwà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá wò. Ó wá fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má kánjú, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ná kí wọ́n tó wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Olùkọ́ wa kọ́ wa pé kí a máa ya ohun tó yé wa sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò yé wa. Nígbà tí a fi máa dé Jẹ́bà, ohun tí kò yé mi ti pọ̀ ju èyí tó yé mi lọ. Ọ́fíìsì wo? Ta ni yóò kọ́ alábúrẹ́dì ní ìbọn? Ní ti yìnyín, mo kà á sí òwe.

Ní Kontagora, a sọ̀kalẹ̀ jẹ máásà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín nínú agbada oníhò. Mo bi awakọ̀ wa bóyá ó ti gbọ́ nípa òfin náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, lójú ọ̀nà tiwa yìí, tí mo bá rí ẹni tó gbé ìbọn dání, mi kì í bi í ní ìwé o."

Títì náà dára títí a fi kọjá Yauri. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò ló ń darí ọkọ̀. Ooru Sókótó pàdé wa bí ẹni ṣílẹ̀kùn ààrò. Àlùbọ́sà kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní òkìtì òkìtì. Iye tí a fi ń ra igbá kan nílé, wọ́n á fi bu ìdajì àpò fún ọ níbẹ̀.

Ìyàwó Bọ̀dá, Ìyá Bọ̀sẹ̀, ló kọ́kọ́ gbà mí. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tó bá ti jáde, mi kì í lè sùn mọ́."

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Bọ̀dá máa ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Kalambaina. Àwọn kan ti dá a lọ́nà. Nígbà tí wọ́n tún dá a lọ́nà, wọ́n gbé àdá lé e lọ́rùn. Ó fi ojú àpá náà hàn mí.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé."

"Ọkùnrin kan ní ọjà Kasuwar Kara ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀la ló ń gbé e bọ̀, tòun tìwé. Ó ku kí Mai Unguwa dúró fún mi."

Mai Unguwa ni baálẹ̀ àdúgbò. Nílé, bí o bá ti san owó ilé, ó parí. Ní Sókótó, àlejò kì í gba ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé Mai Unguwa mọ̀ ọ́n, tó sì dúró fún un. Bọ̀dá rò pé bí wọ́n ṣe ń gba ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ṣe ń gba ìbọn. A ra góòrò, èyí ni obì, a bọ́ bàtà nílé Mai Unguwa, a jókòó lórí ẹní. A kí ara wa nípa ilé, nípa ooru, nípa iṣẹ́, nípa àárẹ̀ ọ̀nà, títí ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò mí lórí.

Bàbá náà gbé Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà èwe rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Mo jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn náà. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní kí n tún un fi sí i.

"Haba! Láyí, kí ni wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò lójú ọ̀nà?"

"Yìnyín, Bàbá."

"Ìlú wo? Sókótó tí ooru ti ń pa ewúrẹ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi etí ẹ̀wù nu ojú. "Ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà ló ń bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀!"

Ojú tì mí. Ohùn ilé ni a gbọ́, a kò sì bi ara wa pé níbo ni onítọ̀hún ti ń sọ ọ́.

Bàbá náà fúnra rẹ̀ mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìbọn kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan ní Nàìjíríà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Ó ní ìbọn ọdẹ ní ọ̀nà tirẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, àfi àṣẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè.

Bọ̀dá ní, "Àwọn tó fẹ́ bẹ́ mi lórí ńkọ́? Wọ́n gba àṣẹ ni?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ìbọn yẹn mọ́ ọ lọ́wọ́, ìwọ la máa tì mọ́lé."

Èyí kò yé mi nígbà náà, n kò sì lè sọ pé ó yé mi tán dòní: pé òfin tètè ń mú ẹni tó ń sá ju ẹni tó ń lé e lọ.

Bí a ti ń padà, Mai Unguwa sọ fún Bọ̀dá: "Bọ́ọ̀sì àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ńtì ń gbéra ní ìta mọ́ṣáláṣí wa lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Èmi yóò dúró fún ọ lọ́dọ̀ wọn. Kó búrẹ́dì rẹ síbẹ̀."

"Yóò ti tutù kó tó dé Kalambaina, Bàbá. Gbígbóná rẹ̀ ni wọ́n ń rà."

"Sai haƙuri," ni bàbá náà wí, ìyẹn ni pé, àfi sùúrù.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá pe ará Kasuwar Kara pé òun kò rà mọ́. Onítọ̀hún pa fóònù, àsansílẹ̀ wọgbó. Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i tí Bọ̀dá wọ bọ́ọ̀sì náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́, tó gbé páálí búrẹ́dì lé itan. Ìyá Bọ̀sẹ̀ padà sórí ẹní, ó sì sùn.

Màmá wa ṣì jókòó níta nígbà tí mo padà dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo sì fi kún un pé Bọ̀dá ṣì ń ráhùn pé búrẹ́dì òun ń tutù.

Wọ́n ní, "Kó tutù. Ara ọmọ mi ni n kò fẹ́ kó tutù."