Orúkọ Gàmbàrí Tó Gbé Mi Dé Karu

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbá tán ní Ìlọrin ni mo wọ Ṣiẹ́nà tó ń lọ sí Abuja. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì há àwa mẹ́ta mọ́ àga ẹ̀yìn. Kì í ṣe ìgbádùn ni mo ń lọ ṣe o. Àbúrò mi Ráímì, tó ń ta ike ní Karu lẹ́bàá Abuja, ló pè mí pé àwọn ará àdúgbò ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ lé kúrò kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mo ní, "Kí lo ṣe?" Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan.

A gba Ọmù-Àrán lọ sí Kàbbà. Nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà, a máa ń sọ̀ lójú ọ̀nà yìí ra iṣu, a ó sì jókòó ti ẹni tó ń tà á, a ó máa tàkúrọ̀sọ. Lónìí, dẹ́rẹ́bà ní ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n kó mú un mọ́ra, nítorí àwọn ajínigbé. Ní Lọ́kọ́ja ló tó dúró. Mo jẹ iyán àti ẹja odò ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà, ẹja náà ò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tí a fi bọ́ nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Nyanya tí mo dé Karu, oòrùn ti ń wọ̀.

Àkọlé ṣọ́ọ̀bù Ráímì ni mo kọ́kọ́ rí: GÀMBÀRÍ IKE. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Ní Ìlọrin, Gàmbàrí ni orúkọ àdúgbò tí wọ́n bí wa sí, kò sí ẹni tí í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní Karu, ẹni tó bá ka orúkọ náà, Hausa ló gbọ́.

Ráímì ṣàlàyé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná ojú pópó ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá ẹgbẹ́ àdúgbò sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jí ẹnì kan gbé ní òpópónà kejì, ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé: Gàmbàrí ló ń tọ́ka ilé fún ajínigbé, Gàmbàrí ló ń báni gbé tó ń ṣọ́ni. Kò pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi rántí gílóòbù mọ́. Ẹ má sì rò pé ọmọ ìta tí ebi ń pa ló ń sọ ọ́ o! Àwọn tó ń so táì lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ni, àwọn tó ń fi àdúrà parí ọ̀rọ̀ ìkà: "Ọlọ́run á lé wọn lọ." Gbogbo ilé á sì dáhùn, "Àmín." Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á ní ó ń bá wọn ṣe.

Mo ní kí Ráímì gbé fóònù rẹ̀ wá. Mo fọwọ́ fà á sókè, fà á sókè. Òun náà ṣàmín! Ẹ̀ẹ̀mẹfà!

"Àǹtí mi, mi ò gbọ́ ọ dópin. Mo rí àdúrà, mo ṣàmín."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí, baba ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo lọ bá alága ẹgbẹ́ náà, Díákónì kan láti Èkìtì. Ó ń fọ mọ́tò rẹ̀. Ó tẹríba dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn."

"Díákónì, ọmọ ìyá mi kì í ṣe Gàmbàrí. Orúkọ àdúgbò wa ni. Yorùbá ni wá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ má bínú, mà. Mísítéèkì ni. Tiwa ni yín!" Ó nu ọwọ́, ó mú fóònù, ó yọ orúkọ náà kúrò nínú ìwé orúkọ tó wà níbẹ̀ lójú mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ráímì, Málàm Sani, gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá níbẹ̀, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ Ráímì, ẹnu Ráímì ló sì ti kọ́ Yorùbá.

"Sànnu, Àǹtí. Wọ́n ti yọ yín?"

"Wọ́n ti yọ wá."

"Yauwa. Ẹ bá mi sọ tèmi? Orúkọ mi náà wà níbẹ̀."

Ráímì ló wò mí, tó ní, "Àǹtí mi, níbo ni baba ńlá wa ti wá sí Ìlọrin? Ṣé kì í ṣe Kano ni?"

Òótọ́ ni. Mo yí padà lọ bá Díákónì nítorí Málàm Sani.

"Ìyẹn yàtọ̀, mà," ló wí.

"Kí ló ṣe?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan."

Kò tíì ṣe! Mo pariwo lé e lórí títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde, mo ní Hausa ni baba ńlá tèmi náà, kó dá orúkọ wa padà síbẹ̀. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi omi ṣan táyà.

Mo padà sí Ìlọrin ní ọjọ́ Àìkú, ara mi gbóná fún ìbínú. Ní ọjọ́ Ẹtì, Ráímì pè mí pé Málàm Sani ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn ń bi mí bí ìrìn àjò ṣe rí. Mo ń bú Díákónì fún wọn, ó sì tọ́ sí i. Ohun tí mi ò tíì lè sọ fún wọn ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé orúkọ ìkà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní kó yọ, mo sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.