Èwo Nínú Yín Ni Ẹ̀gbọ́n?

Gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Festac ló mọ bí wọ́n ṣe ń kí bàbá mi. Wọn kì í sọ pé ẹ káàárọ̀. Wọ́n á dúró ṣánṣán, wọ́n á gbé ọwọ́ síwájú orí, wọ́n á ní, "Sájẹ́ǹtì!" Bàbá mi á sì dáhùn láti orí àga oníke rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù pé, "Mo wà níbí!" Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń kí i bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ wa ń kí i bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi a máa fi ọwọ́ òsì kí i, á sì pè wọ́n padà pé kí wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe é. Awakọ̀ sójà ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn nínú tó ìkíni yẹn. Ìyá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi gba ilé náà, máa ń sọ pé òun ló ni inú ilé, Sájẹ́ǹtì ló ni ìta. Ìyá mi ti lọ sinmi báyìí. Ìta ló kù fún Dádì.

Ìbejì ni bàbá mi. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ wọ iṣẹ́ sójà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, wọ́n jọ lọ sí Làìbéríà nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun wa lọ pẹ̀tù síjà níbẹ̀. Dádì Abúlé ni àwa ọmọ ń pe àbúrò náà, nítorí Abúlé Adó ló kọ́lé sí. Òun gan-an ló kọ́kọ́ pe bàbá mi ní Sájẹ́ǹtì. Láti ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń pariwo rẹ̀, títí gbogbo àdúgbò fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Abúlé, ṣì ń wá kí wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ike mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Wọ́n ní kí àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì wá fi ara wọn hàn pé àwọn ṣì wà láàyè. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Dádì lọ. Gbọ̀ngàn náà kún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì di máìkì mú, ó ń ka oyè kó tó ka orúkọ. Nígbà tó kan bàbá mi, "Kọ́púrà," oyè tó kéré sí sájẹ́ǹtì, ló kà. Dádì kò dìde. Ọmọkùnrin náà tún un kà. Mo fọwọ́ kan Dádì léjìká, ó dìde, ó lọ tẹ̀ka, ó padà wá jókòó. Bàbá àdúgbò wa kan tó jókòó lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́púrà kẹ̀! Á jẹ́ pé ìwọ lo fi ara rẹ jẹ Sájẹ́ǹtì ní Festac!" Eré ló fi ń ṣe, mo mọ̀. Àmọ́ ojú bàbá mi wálẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹni tó ń ta búrẹ́dì dúró ṣánṣán, ó kí i bó ṣe máa ń kí i. Dádì kò gbé orí sókè. "Sájẹ́ǹtì kò sí níbí," ló wí. Kó tó di ọ̀sán, ó ti gbé àga rẹ̀ wọ pálọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mo lẹ́nu. Ìyá mi máa ń ní ẹnu mi nìkan lè darí ọkọ̀ ní Mile 2. Mo dúró lé bàbá mi lórí nínú pálọ̀ yẹn, mo ní kó sọ fún mi: ṣé Sájẹ́ǹtì ni àbí kọ́púrà? "Ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n kọ," ló dá mi lóhùn. Mo ní kì í ṣe ìdáhùn nìyẹn. Ó ní kí n bá òun yí tẹlifíṣọ̀n sókè. Ọkùnrin tó máa ń da gbogbo àdúgbò láàmú wá jókòó sídìí ìròyìn bí ẹni tí wọ́n fi sátìmọ́lé. Mo bínú sí ẹni tó di máìkì, mo bínú sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, mo bínú sí bàbá mi pàápàá.

Ni mo bá gba ọ́fíìsì tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn lọ. Mo ti múra ìjà. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ kò fún mi láyè jà. Ọ̀gá obìnrin kan ni, nínú aṣọ ológun, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju tèmi lọ. Ó ní kí n jókòó. Ó gbọ́ mi dópin. Ó wá fáìlì náà fúnra rẹ̀, ó kà á, ó wá sọ fún mi pé lóòótọ́ ni wọ́n gbé awakọ̀ kan ga sí sájẹ́ǹtì ní Làìbéríà, tí wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ, nítorí ó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ jáde láàárín ìbọn. Ṣùgbọ́n ìkejì bàbá mi ni. Bí a bá ní ẹ̀sùn, kí n mú bàbá mi wá, kí a sì mú ẹlẹ́rìí kan dání.

Mo délé, mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, "Dádì, ta ló wa ọkọ̀ yẹn?"

Ó ní òun ni. Wọ́n bọ́ sí ibùba, táyà méjì bẹ́, òun sì ń fi irin lásán wà á lọ pẹ̀lú àwọn tó fara gbọgbẹ́ lẹ́yìn. Ìbọn bà á ní apá, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tí kọmándà lọ bá àbúrò rẹ̀, tó bi í pé ta ló wa ọkọ̀ náà nínú ẹ̀yin méjèèjì, nítorí ojú wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Nígbà tó fi máa padà sẹ́nu iṣẹ́, àbúrò rẹ̀ ni wọ́n pè níwájú pàréèdì.

"Kí ni Dádì Abúlé wí fún kọmándà?"

"N kò mọ̀. N kò bi í rí." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó fẹ́ gbé àmì ẹ̀yẹ náà fún mi, mo ní kó fi pamọ́, ọ̀kan náà ni wá. Bí mo bá bi í, ó ti di pé mo fura sí i nìyẹn. Ó wá ń pè mí ní Sájẹ́ǹtì kiri. Mo rò pé ó ń fi bẹ̀ mí ni."

Mo ní kí a lọ tún un ṣe. Ó ní òun kò ní bọ́ aṣọ lára òkú, pàápàá òkú àbúrò òun. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dúró sí, èmi pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Màmá Abúlé dé pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Ó bá àga ní pálọ̀, ó bá ojú Dádì ní ilẹ̀. Mo fà á wọ kíṣìnì, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kọ́kọ́ jókòó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí, Bọ̀dá Sájẹ́ǹtì kò mọ ohun tí ọkọ mi sọ?" Ó fi gèlè nu ojú. "Ó sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Kọmándà ní èwo nínú yín ni. Òun dáhùn pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà.' Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n wá pe orúkọ òun fúnra rẹ̀, ó ní òun rò pé àlá ni. Ó lọ bá akọ̀wé wọn, akọ̀wé lé e jáde pé ṣé sójà máa ń kọ ìgbéga ni."

Mo bi í bóyá ó lè wá jẹ́rìí. Mo sì sọ òótọ́ fún un pé ó lè fọwọ́ kan ohun tí ìjọba ń san fún un. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tí kò gbọ́n. "Ohun olóhun ni, ọmọ mi. Wọ́n kàn fi pamọ́ sílé wa ni."

Mo ti rí oore láyé, àmọ́ n kò tíì rí èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ike mọ́ínmọ́ín lórí itan bẹ́ẹ̀ rí.

Òun ló mú Dádì dìde. Kò bẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí lọ síbì kan lọ́la," ìyàwó àbúrò kì í sì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi kó fi dù ú.

Ọ̀gá obìnrin náà gbà wá tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Òyìnbó ló ń sọ, èmi ń túmọ̀ fún Màmá Abúlé. Ẹ̀rí rẹ̀ dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti dáhùn pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Ọ̀gá náà mi orí. Ó ní ó bá ohun tó wà nínú fáìlì mu: kọmándà kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ìbejì náà ga. Nítorí náà kò sí àṣìṣe kankan, nítorí ìkejì bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá Abúlé la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá náà yí ìwé sí wa. Ó ní ìkejì bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ó wà nínú ìwé tí àwọn méjèèjì fi wọ iṣẹ́.

Ta ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé, èmi ni àbí àwọn? N kò mọ̀. Gbogbo wa jọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Dádì dìde lórí àga, kò rántí pé níwájú ọ̀gá ni òun wà. "Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n mi? Èmi ni mo rán an! Mo ní kó lọ bá mi tọ́ ayé wò bóyá ó dùn!"

Mo wá ṣàlàyé fún ọ̀gá náà, ẹ̀rín sì ń dí mi lọ́wọ́, pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbẹ̀yìn dé nínú ìbejì ni àgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde, ìránṣẹ́ ni. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá à ń bá òun ṣeré. Ó wo ìwé. Ó wá bọ́ fìlà lórí, ó sì bi bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Sà, èwo nínú yín ni ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni," ni Dádì wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí oyè. Àbúrò rẹ̀ ti dáhùn dáadáa láti ọjọ́ yìí wá, òun ni kò bi í.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá náà ní wọ́n máa ní láti yọ oyè náà nínú àkọsílẹ̀ olóògbé, Dádì tún fi ọwọ́ bo kálámù. Màmá Abúlé ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé páálí pélébé kan sórí tábìlì. Àmì ẹ̀yẹ náà wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. "Ọkọ mi kò wọ̀ ọ́ rí, Bọ̀dá Sájẹ́ǹtì. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ bọ́ lára rẹ̀." Dádì fọwọ́ sí ìwé náà.

Ó gba oṣù mélòó kan. Ọ̀gá obìnrin yẹn kò jẹ́ kó sùn sórí tábìlì ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pè mí láti sọ ibi tó dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ó tún pè lọ́jọ́ tí ó parí, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe bàbá mi ní Sájẹ́ǹtì lórí fóònù. Dádì rọra ní ó ṣeun, ó dá fóònù padà fún mi. Àga rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀.

Ohun tó wá sọ lẹ́yìn náà yà mí lẹ́nu. Ó ní kí n gbé òun lọ sí Abúlé Adó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin àbúrò rẹ̀ sí àgbàlá ilé yẹn, kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀, nítorí nínú ìdílé wa ẹ̀gbọ́n kì í dé ibojì àbúrò. Mo máa ń fi èèwọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, pé òun tó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń pa á mọ́. "Mo fẹ́ lọ sọ fún un," ló ní.

Ibojì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn ògbólógbòó páànù sì wà lórí rẹ̀ láti ìgbà tí iná burúkú kan ti bú gbàmù ní Abúlé Adó, tó ṣí òrùlé ilé wọn. Èmi àti Màmá Abúlé kó wọn kúrò. Dádì fi ọwọ́ gbá eruku orí símẹ́ǹtì náà. Lábẹ́ orúkọ, wọn kò kọ oyè kankan. Wọ́n kọ ọ́ pé: ÀBÚRÒ SÁJẸ́ǸTÌ LÓ SÙN SÍBÍ.

"Ohun tó ní kí n kọ nìyẹn," ni Màmá Abúlé wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ó wá kà á lọ́jọ́ kan." Ó wọlé lọ sídìí ìkòkò rẹ̀.

Bàbá mi dúró níbẹ̀, ó ń kà á ní ohùn kékeré, ó tún ń kà á. Nígbà tó yá, ohùn Màmá Abúlé jáde láti ẹnu ọ̀nà: "Bọ̀dá Sájẹ́ǹtì! Oúnjẹ ti délẹ̀ o!"

Mo wo ẹnu Dádì.

"Mo wà níbí!" ni bàbá mi dáhùn. "Mo wà níbí, mò ń bọ̀."